Ọ̀rá Rosine Nínú Ìkòkò Àkàsà

                                                                Ilé Ògúnyínká,
                                                                Ẹ̀bá Títì Lomé,
                                                                Glei, lọ́nà Atakpamé,
                                                                Togo.
                                                                Sátidé, 9 Oṣù Kẹta, 2024.

Bàbárímisá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, olórí dídán bí igbá tuntun,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ṣakí lọ́hùn-ún? Ìyá Yínká ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń fara dà ọ́, àbí ó ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí eyín ṣì kù lẹ́nu rẹ̀? Bá mi kí i kí o tó ka ìyókù ìwé yìí, kí ó má baà ní ẹ̀fẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Yínká àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, èyí tí ó máa ń sọ fún ọ pé òjò ń bọ̀? Tèmi ti di òpùrọ́, ojoojúmọ́ ní í kéde òjò. Ẹ kú ooru yìí o. Níhìn-ín, àwọn adìẹ ń bá wa du ibòòji. Òjò kan tilẹ̀ fọ́n sí wa lórí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì bá tirẹ̀ lọ bí àlejò tí wọn kò fi oúnjẹ lọ̀.

Ara wa le, a dúpẹ́. Julienne ìyàwó mi wà, ẹnu rẹ̀ wà, àkàsà rẹ̀ wà. Gilbert ọmọ wa wà ní Lomé, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìjọ wa ti rí fádà tuntun, ọmọdé kan tí kò gbọ́ èdè wa, nítorí náà ni mo ṣe ń lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ déédéé báyìí.

O mọ̀ mí, èmi kì í gbé bírò àfi bí mo bá fẹ́ bú ọ. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án òní ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Fóònù kan wà lórí tábìlì níwájú mi. Julienne jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, Rosine jókòó lápá òsì, gbogbo wa ń wò ó bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ẹyin pé kí ó pa, kò sì dún. Mo ní kí n kúkú máa bá ọ sọ̀rọ̀ kí ó tó dún. Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Rosine ni ọmọ Gilbert, èyí tí o gbé kọ́ ọrùn nígbà tí o wá bá wa sin ìyá mi, tí ó sì tọ̀ sí ọ lára níwájú àwọn àna mi. Ó ti di obìnrin. Ó parí yunifásítì ní Lomé, wọ́n sì gbà á sí làbó kan níbẹ̀, ilé tí wọ́n ti ń dán nǹkan wò. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀, ó ní ọ̀rá tí wọ́n ń fi wé oúnjẹ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ilẹ̀ ń jẹ. Mo ní, “Ọmọ mi, gbogbo ọ̀rá tí mo mọ̀, ewúrẹ́ ní í jẹ ẹ́, ewúrẹ́ náà a sì kú.” Kò rẹ́rìn-ín. Òótọ́ sì ni mo sọ. Bí o bá dé Glei báyìí, o kò ní mọ ẹ̀bá títì yìí mọ́. Ọ̀rá dúdú ló ń hù níbi tí koríko ti ń hù tẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ mi méjì ló ti bá a lọ. Nígbà tí a la ikùn ọ̀kan, ọ̀rá náà ká jọ síbẹ̀ bí gèlè ìyàwó.

Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe ti Rosine. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń sè, wọn a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, bí ó bá gbẹ ó a di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí o lè gbé sójú kí o sì máa rí ẹni tí o jẹ ní gbèsè bí ó ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ní àléébù kan, kò lè rí omi kó má bá a lọ. Bí omi bá ti fọwọ́ kàn án, ó a rọ̀, ó a máa yọ̀, ó a tú. Ohun tí Rosine wá ń ṣe ni pé ó ń fi pòròpórò àgbàdo kún un. Kì í ṣe bí àwọn ìyá wa ti ń lọ nǹkan lórí ọlọ o. Wọn a sè é nínú omi kan tí ó mú ju omi eérú lọ, wọn a fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun, ẹ̀rọ a wá máa lù ú títí ohun tí ó kù yóò fi kéré ju ohun tí ojú lè rí. Mo ní báwo ni ó ṣe kéré tó. Ó ní kí n fa irun orí kan ṣoṣo tu, kí n là á ní gbọọrọ sí ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí n mú ẹyọ kan níbẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ṣakí tí kò ní lè bá wa ṣe ìdánwò yẹn láéláé. Ìgbà yẹn ni ó tó rẹ́rìn-ín.

Nánò ni wọ́n ń pe àwọn ohun kékeré bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọ inú awọ ẹ̀gẹ́, wọn a fọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí àwọn obìnrin ilé tí wọ́n ń dènà fún ọkọ ìyàwó. Omi kò ní rí ibi gbà, afẹ́fẹ́ kò ní rí ibi gbà, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì ní tètè bàjẹ́. Ohun tí Rosine sọ nìyẹn. Èmi ò rí nánò kankan, ṣùgbọ́n n kò rí áńgẹ́lì náà rí, mo sì ń lọ sí Mísà.

Iṣẹ́ yìí ni ọmọ náà ń ṣe láti ìgbà tí ó ti dé làbó. Ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mósieu Philippe, sọ fún un pé iṣẹ́ náà ti ń sú àwọn tí ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Wọn yóò rán obìnrin kan wá, Madamu Yvette, kí ó wá fojú ara rẹ̀ rí awọ náà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta oúnjẹ gan-an. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Rosine yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò ti iṣẹ́ náà pa, kí Rosine lọ wá nǹkan mìíràn fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Ta ni Rosine sì mọ̀ tí ń ta oúnjẹ ju ìyá rẹ̀ àgbà lọ? O rántí àkàsà Julienne, ohun tí ẹ̀yin ará ọ̀hún ń pè ní ẹ̀kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tiyín kì í dúró dáadáa, ṣe ni ó máa ń gbọ̀n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Àwọn awakọ̀ tí ń ti Lomé lọ sí Sokodé kì í kọjá láìdúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ní ibẹ̀ ni ìdánwò yóò ti wáyé: kí Julienne fi awọ náà wé àkàsà gbígbóná lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, kí ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tú u níwájú Madamu Yvette.

Ó kó àwọn awọ náà dé bí ìyàwó tí ń kó ẹrù lọ ilé ọkọ. Ó fi ìka kan ìyá rẹ̀ àgbà lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, ó ní, “Màmá àgbà, ẹ ṣe é bí ẹ ti máa ń ṣe é gan-an. Ẹ má yí ohunkóhun padà nítorí mi. Ewé nìkan ni kí ẹ mú kúrò, kí ẹ fi èyí dípò rẹ̀.”

Julienne ní, “Mo gbọ́.”

Bàbárímisá, ó gbọ́ lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé ó ro àkàsà rẹ̀, ó gbóná, ó ń hó bí ẹni tí inú ń bí. Ó bù ú sínú awọ náà, ó ká a, ó dì í. Gbogbo wa ń wò ó bóyá ooru yóò yọ́ ọ. Kò yọ́ ọ. Inú Rosine dùn tí ó fi dì mọ́ mi, mo ní kí ó ṣọ́ra kó má fi awọ ejò wé èmi náà. Orúkọ tí mo ń pe nǹkan náà nìyẹn, awọ ejò. Lẹ́yìn náà ni ó wọ takisí lọ sí Atakpamé láti lọ wá ibi tí àwọn àlejò rẹ̀ yóò wọ̀ sí bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ wọn, ó sì di alẹ́ kí ó tó padà. Ó rẹ̀ ẹ́, ó jẹun, ó sùn.

Nígbà tí kò sí nílé, Julienne ṣe ohun tí ó máa ń ṣe. Nígbà tí àkàsà náà tutù tí ó dì, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ó rọ omi tútù lé e lórí, ó dé e. O mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ náà láti kékeré, bí àkàsà bá sùn síta láìsí nínú omi, yóò kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo pọn omi náà, mo tún ń kọrin sí i.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdé. Rosine ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tí ó mú wá fún àlejò, ó jáde sí ilé ìdáná, ó ní, “Màmá àgbà, àwọn àkàsà yẹn dà?”

Julienne fi ẹnu tọ́ka sí ìkòkò. “Wọ́n wà nínú omi.”

“Omi wo?”

“Omi wo ni omi ń jẹ́? Ṣé orí òrùlé ni kí n kó àkàsà sí ni?”

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àlejò rẹ̀, nínú eérú. Mo kọ́kọ́ rò pé ejò ló rí. Nígbà tí ó yá ni ó sọ fún wa pé ní làbó wọ́n ti bu omi wọ́n awọ náà, wọ́n ti gbé e sínú ooru, wọ́n ti fi àdá òyìnbó gé e wò, ṣùgbọ́n wọn kò rì í sínú omi mọ́jú rí. Kò sí ẹni tí ó ronú kàn án. Ó ní awọ tí ó jẹ́ ẹ̀gẹ́ nìkan, kí ènìyàn tó jẹ àkàsà kan tán, ó ti di ògì. Mo ní èyí tí nánò wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ó ní, “Bàbá àgbà, n kò mọ̀.”

Ojú Julienne, bí o bá rí i. Ó ń wo ìkòkò rẹ̀ bí ẹni pé ìkòkò náà ló jí nǹkan. Ó ní, “Ṣebí ìwọ lo ní kí n má yí ohunkóhun padà.” Rosine ní, “Èmi ni, Màmá.” Fóònù rẹ̀ wá dún. Mósieu Philippe ni, ó ní àwọn ti kúrò ní Notsé.

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ orí mi, kì í pẹ́ gbé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wá. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kò le. Awọ ṣì ṣẹ́ kù, ògì ṣì wà, igi wà. Kí Julienne tètè ro òmíràn, kí a fi awọ tuntun wé e, kí a gbé e sórí àwo gbígbẹ, kí a ní láti àná ni. Ta ni yóò mọ̀? Àlejò kì í bi àkàsà ní ọjọ́ orí. Julienne kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tí ó ti ń dá iná. Èéfín ti ń rú kí Rosine tó dìde.

Ó gbọn eérú kúrò ní ìdí, ó ní, “Bàbá àgbà, bí mo bá fi èyí hàn wọ́n, tí wọ́n gbà á, tí ìyá kan ní Notsé wá fi wé tirẹ̀, tí ó sì rì í sómi ńkọ́?”

Mo wá ẹ̀fẹ̀ sí i, n kò rí. Fi èyí sọ́kàn, nítorí kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Julienne fa igi kúrò nínú iná, ó bu omi pa á. Ó wá ní kí a ṣí ìkòkò wò, ká mọ ibi tí a wà. Ó ti na ọwọ́ sí ọmọrí, ni mo bá ní kí ó dúró. Mo mọ ara mi. Bí a bá ṣí i tí a bá rí i pé ó ti tú, ẹ̀tàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀ yìí ni n óò tún gbé. Rosine ní òun náà fara mọ́ ọn, ojú àlejò ni kí ó ti ṣí. Mo gbé àpótí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, mo mú ọ̀pá lọ́wọ́, mo jókòó tì í. Julienne ń kọjá, ó ní, “Ọlọ́pàá àkàsà.” Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dùn. Gbogbo ọkọ̀ tó bá dẹ ìrìn lójú títì, ọkàn mi á já.

Wọ́n dé. Mósieu Philippe sọ̀kalẹ̀, òógùn bo ojú rẹ̀, táì kan fún un lọ́rùn bí okùn àgbò Iléyá. Madamu Yvette ga, ó sanra, ó rọra ń rìn, ó rọra ń sọ̀rọ̀, irú obìnrin tí ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. A kí wọn, a fún wọn lómi mu. Mósieu Philippe kò tíì mu tirẹ̀ tán tí ó ti ń sọ bí wọ́n ti tọ́jú àkàsà náà pamọ́ síbi gbígbẹ, síbi tútù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní làbó. Faransé mi kò pọ̀, o mọ ibi tí a ti sá nílé ìwé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn.

Rosine ní, “Mósieu, inú omi ni ó wà. Láti àná.”

Ojú ọkùnrin náà ṣú. Ó fà á lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó rò pé a kò ní gbọ́. Ó ní ta ló ní kí ó rì í. Ó ní ta ló fún un láṣẹ. Julienne kì í gbọ́ Faransé bí ènìyàn bá ń bá a ná ọjà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kàn án, ó ń gbọ́ ọ ju fádà lọ. Ó dìde, ó fọwọ́ sáyà, ó ní òun ni.

Rosine ní, “Rárá. Mo ní kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ti máa ń ṣe é. Èmi ni n kò béèrè bí wọ́n ti máa ń ṣe é.”

Abèèrè kì í ṣìnà, wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní í béèrè ohun tí ó rò pé òun mọ̀? Madamu Yvette wo Rosine pẹ́, ó wo ìkòkò, ó wo èmi pẹ̀lú ọ̀pá mi. Ó ní, “Ẹ ṣí i.”

Mo dìde. Julienne ṣí ọmọrí. Mo ti ń retí ògì funfun, àfi bí mo ti rí ìdí igbá tí mo fi pọn omi, tí ó ti já bọ́ síbẹ̀ tí n kò mọ̀, ó ń lé téńté lójú omi. Omi náà mọ́. Ó mọ́ lókè. Julienne ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú ọ̀kan jáde. Awọ náà wú, ó ń yọ̀ bí ilá, ṣùgbọ́n kò tú. Ó mú ìkejì, kò tú. Ó mú ìkẹta. Mósieu Philippe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì pé kí ó fún òun ní èyí tó kàn, kí òun gbé e fún Madamu fúnra òun.

Ibẹ̀ ló tú sí. Ìdí rẹ̀ ya, àkàsà já bọ́ lu bàtà rẹ̀, pọ̀tọ̀.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín, mo bu ètè jẹ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò, òmíràn dára, òmíràn ti tú, omi ìsàlẹ̀ sì ti dà bí omi ògì. Rosine gbé awọ tó ya náà sókè oòrùn, ó ń wò ó. Àwọn ibi kan funfun tótòtó lára rẹ̀. Ó ní nánò ibẹ̀ kò tàn ká, ó di ara rẹ̀ jọ sójú kan, ó sì fi ibòmíràn sílẹ̀ lófìfo, ibi òfìfo yẹn ni omi gbà wọlé. Mo ní, “Kókó ni. Bí ẹ̀kọ tí wọn kò rò dáadáa.” Ó ní, “Kókó ni, Bàbá àgbà.” Mo ní, “Gbogbo ìwé yẹn, kókó ṣì ni wàhálà.” Madamu Yvette béèrè ohun tí mo wí. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un, ètè rẹ̀ kan mì díẹ̀, ó sì tún padà síbi tó wà.

Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tọrọ ìgò ẹlẹ́nu gbẹ̀gẹ̀dẹ̀. Julienne fún un ní ìgò máyónéèsì tí ó ń kó iyọ̀ sí. Ó ní kí Rosine yan àkàsà kan tí kò tú, kí ó gbé e síbẹ̀, kí ó rọ omi kún un, kí ó dé e. Ó ní orí tábìlì òun nílé ni òun yóò gbé e sí. Bí ó bá ṣì wà ní odindi títí di Sátidé, kí Rosine máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá tú, ó tán nìyẹn. Òun yóò fóònù. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Mósieu Philippe kò tilẹ̀ fi omi ṣan bàtà rẹ̀.

Sátidé náà ni òní, ọ̀rẹ́ mi. Rosine ti fọ gbogbo ìkòkò ilé yìí, títí kan èyí tí ó mọ́. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà láti àná, n kò mọ̀ bóyá làbó ló ń kó ẹrù lọ tàbí ilé bàbá rẹ̀, òun náà kò mọ̀. Julienne fún awakọ̀ kan ní àkàsà láàárọ̀ láìsí ẹja nínú rẹ̀, ọkùnrin náà sì jẹ ẹ́, ó wò ó lójú, kò ráhùn. Mo sọ fún Julienne pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá bàjẹ́, yóò wá máa rò pé òun ló ba ayé ọmọ náà jẹ́. Mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi náà, nígbà mìíràn, ó yẹ kí wọ́n fi awọ yẹn wé mi lẹ́nu.

Fóònù yìí kò mà dún, Bàbárímisá. Oòrùn ti ń wọ̀. Dúró.

                                                                Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà.

Mo ti dé. Má bínú pé mo já ọ sílẹ̀.

Òun ló dún. Rosine kò lè gbé e, Julienne ló tẹ̀ ẹ́ tí gbogbo ilé fi ń gbọ́. Madamu Yvette kí wa pẹ́, ó béèrè ilé, ó béèrè oko, a ń dáhùn bí ẹni tí ń jẹ okúta. Ó wá ní, “Rosine, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí ìgò yẹn.”

Rosine ní, “Ó tú.”

“Àkàsà náà kò sí nínú rẹ̀ mọ́.”

Julienne ká ọwọ́ lé orí. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi jẹ ẹ́.”

Ará Aného létí òkun ni ọkọ náà, níbi tí àkàsà àti ẹja ti jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́. Ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, ebi ń pa á, ó gbé ẹja díndín lọ́wọ́, ó sì bá àkàsà nínú omi lórí tábìlì ara rẹ̀. Kí ni o fẹ́ kí ó rò? Ṣé kí ó rò pé ayé ọmọ kan ló wà nínú ìgò máyónéèsì? Ẹ̀rín gùn mí, Julienne fi gìgísẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ohun tí a gbọ́ yìí ẹkún ni tàbí ayọ̀. Ẹ̀rí ti wọ ikùn ọkùnrin lọ.

Rosine ló kọ́kọ́ rí ohùn. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé fóònù fún ọkọ náà. A gbọ́ tí aya ń fà á, tí ọkọ ń kọ̀. Nígbà tí ó dé, ojú ń tì í gan-an.

Rosine ní, “Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣí i?”

Ọkùnrin náà ní, “Mo fi èékánná ya á, kò ya. Mo fi eyín fà á, ó kọ̀. Ni mo bá lọ mú ọ̀bẹ.”

“Omi inú ìgò ńkọ́? Ṣé ó ti funfun?”

“Omi náà mọ́. Òun ni mo fi ṣan ọwọ́.”

“Àkàsà náà, ṣé ó ti kan?”

“Kò kan.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, bóyá kí aya rẹ̀ má baà gbọ́. “Ṣé ó ṣẹ́ kù ni?”

Madamu Yvette gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀bẹ ti jẹ́rìí, òun kò sì rí ẹni tí yóò purọ́ mọ́ ọ̀bẹ. Ó ní òun ti bá Mósieu Philippe sọ̀rọ̀, kí Rosine wà ní làbó lọ́jọ́ Ajé, kí ó lọ wá nǹkan ṣe sí kókó yẹn, nítorí bàtà ènìyàn kò ní máa jẹ àkàsà. Ó tún ní ọkọ òun ju awọ náà sínú ìkòkò òdòdó ẹ̀yìn ilé wọn, òun yóò máa wò ó lójoojúmọ́ kí òun mọ bí ilẹ̀ ṣe ń jẹ ẹ́. Rosine ní ẹ ṣé. Ó ní ẹ ṣé títí, fóònù ti kú, ó ṣì ń ní ẹ ṣé. Ó wá fi ojú pamọ́ sínú ìró ìyá rẹ̀ àgbà, Julienne sì ń fọwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tí ń pọn ọmọ. Ìgbà yẹn ni mo rẹ́rìn-ín bàtà Mósieu Philippe, ẹ̀rín ọjọ́ mẹ́ta, mo rín in títí ikọ́ fi mú mi.

Ó wọ takisí lọ láàárọ̀ yìí. Kí ó tó lọ, ó jókòó ti Julienne lẹ́bàá iná, ó sì bi í ní gbogbo ohun tí ó ń fojú fò láti ọjọ́ yìí wá: ìgbà wo ni wọ́n ń kó o sómi, ta ní í yí omi padà, ṣé wọ́n máa ń to èyí tó wúwo sísàlẹ̀, bí wọ́n bá gbé e lọ ọjà, kí ni wọ́n fi ń bò ó. Julienne ń dáhùn, ẹnu sì ń ya òun fúnra rẹ̀ sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe láti ọdún pípẹ́ wá. Rosine ní kí àwa náà bá òun béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí a bá mọ̀, nílé àti lẹ́yìn odi.

Ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́. Bi Ìyá Yínká léèrè bí ó ti ń tọ́jú ẹ̀kọ tirẹ̀ láti orí iná títí dé ẹnu rẹ, pàápàá ohun tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe mọ́. Má fèsì fúnra rẹ o. Jíjẹ nìkan ni ìwọ mọ̀ níbẹ̀. Kí Yínká bá ọ kọ ọ́, ìkọ̀wé rẹ ti dà bí ìgbà tí adìẹ ń wá kòkòrò.

Bá mi kí gbogbo ará ilé. Kí àwọn ẹgbẹ́ wa tó kù ní Ṣakí, kí o sì sọ fún àwọn tí wọ́n ń rò pé mo ti kú pé kò tíì yá mi. Julienne ní òun kí ọ, ó ní kí o wá kí òun tó ro àkàsà àjẹkẹ́yìn. Ọkùnrin kan tí ó ń gbé iṣu lọ sí ọ̀nà Ṣabẹ̀ ni yóò mú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fi jíṣẹ́ fún ọ.

Awọ tí o tú kúrò lára ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rá lásán. Ọ̀kan nínú ti Rosine ni, mo wá èyí tí kò ní kókó. Má jù ú nù. Jẹ́ kí Ìyá Yínká fi wé ẹ̀kọ kan, kí ó rì í sómi mọ́jú, kí o sì sọ òótọ́ ohun tí o rí fún mi, bí o tilẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ. Bí ewúrẹ́ rẹ bá sì ti já a gbà lọ́wọ́ rẹ kí o tó ka ibi tí o kà dé yìí, fi í sílẹ̀ kí ó jẹ ẹ́. Èyí kò ní pa á.

Èmi ni, tìrẹ títí, ẹni tí eyín rẹ̀ ṣì pé ju tìrẹ lọ,

Ògúnyínká.